Kí ẹnjiníà tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ kọ̀wé

Ẹ ní ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ ẹnjiníà sílẹ̀ ní Òṣogbo, kí ẹ máa kọ̀wé, kí ẹ sì máa kọ́ èèyàn ní ìkọ̀wé. Ẹ̀yin kọ́ ni onímọ̀ ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó yà sídìí iṣẹ́ ọnà níbẹ̀. Iná orí ìtàgé ni Jimoh Buraimoh ń bójú tó fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró Ládípọ̀ kó tó kẹ́kọ̀ọ́ ọnà lọ́dọ̀ Georgina Beier ní 1964, tó wá di ẹni tí ayé mọ̀ mọ́ àwòrán ìlẹ̀kẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í tètè mówó wọlé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni yóò máa san owó ilé, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Dìgírì ìmọ̀ ẹ̀rọ nìkan kò tó láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ gbọ́dọ̀ ní PGDE, ìyẹn dípúlómà ìmọ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn dìgírì. Ẹ ṣe é nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé. NTI (ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti ìjọba àpapọ̀) àti NOUN (yunifásítì ìjọba tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn) ń kọ́ òṣìṣẹ́ láìjẹ́ pé ó kúrò níbi iṣẹ́.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní ẹni tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún, tó fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí kò rí òmíràn fún oṣù mẹ́rin, lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ti gbà yín síṣẹ́ olówó oṣù, ẹ gbàgbé ìyẹn ná. Owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà ni kó wà nílẹ̀, ó kéré tán.

Ní ti ìkọ̀wé, àlàyé ni àrùn wa. Ẹni tí ìjábọ̀ ti mọ́ lára á kọ ọ́ pé: “Inú bí Àlàbí nítorí pé owó rẹ̀ kò pé.” Ẹ wo èyí: “Àlàbí ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó kó o padà sórí tábìlì, ó mú fìlà rẹ̀.” Ṣé ó tún ku kí wọ́n sọ pé inú ń bí i?

Ibi tí ẹ̀rọ ti wúlò ni àmì ohùn. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà “ẹ” ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n “ẹ́” tó ní àmì ohùn lórí kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n so pọ̀. Bí kíbọ́ọ̀dù kan bá kọ́kọ́ fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, tí òmíràn kọ́kọ́ fi tòkè, ojú kò ní rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè wá ọ̀rọ̀ náà nínú fáìlì títí kẹ́ ẹ má rí i. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìyẹn ìlànà kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà fi ń to lẹ́tà àti àmì rẹ̀, kẹ́ ẹ sì lo fọ́ńtì Gentium tàbí Charis SIL, kí àmì má baà fò kúrò lórí lẹ́tà nílé ìtẹ̀wé.

Kíláàsì ìkọ̀wé tí ẹ ó máa ṣe ní Sátidé: èèyàn mẹ́jọ sí méjìlá, wákàtí kan àbọ̀. Bí wọ́n bá jù bẹ́ẹ̀, kíkà kò ní kárí. Kí kálukú ti tẹ ọ̀rọ̀ 500 sórí ìwé láti Ọjọ́bọ̀. Ẹni tó bá dúró di àárọ̀ Sátidé, iná á lọ, èrò á sì ti kún ibi ìtẹ̀wé ní Ọláìyá, ní Òṣogbo. Ẹlòmíràn ni kó ka iṣẹ́ náà sókè. Ibi tí ahọ́n rẹ̀ bá ti kọsẹ̀, ẹ fàlà sí i. Ẹni tó kọ ọ́ á fẹ́ ṣàlàyé. Ẹ má gbà fún un. “Ó dáa gan-an” kì í ṣe èsì, ẹ bi wọ́n pé gbólóhùn wo.

Owó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ gbà pọ̀ kí wọ́n tó jókòó. Ẹni tó ń san lọ́jọ́-lọ́jọ́ kì í wá bí òjò bá ti ṣú.