Ọjọ́bọ̀: "Omi ló ń tán nínú ẹ̀"

"Má dá a lóhùn. Omi ló ń tán nínú ẹ̀ ló fi ń pariwo."

Bọ̀dá ibi iṣẹ́ wa ló sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí fún ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ẹ̀ka wa, nígbà tí ẹ̀rọ kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í kùn hùrùhùrù ní yàrá ìsinmi. Ọmọ náà rò pé ó fẹ́ bàjẹ́ ni. Bọ̀dá da tiwọn sínú ife, wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ. Èmi tí wọn ò bá sọ̀rọ̀ rárá ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé.

Iṣẹ́ lọ dáadáa. Òjò rọ̀ ní Houston lọ́sàn-án. Mo ra ẹja nígbà tí mò ń bọ̀.

Omi ló ń tán nínú ẹ̀.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Irú ẹ̀rọ yẹn kò ní páǹpù nínú. Omi tá a dà sí i lẹ́yìn á gba ihò ìsàlẹ̀, á kọjá fáàfù kékeré kan tí kì í jẹ́ kó padà, á wá wọ páìpù àlùmíníọ́mù tó ká sábẹ́ ibi tí jọ́ọ̀gì jókòó lé. Irin iná lẹ̀ mọ́ páìpù náà. Òun ló ń mú omi gbóná, òun náà ni kì í jẹ́ kí kọfí inú jọ́ọ̀gì tutù. Bí omi bá ti hó níbẹ̀, èéfín rẹ̀ á wá ọ̀nà àbáyọ. Fáàfù ti sé ẹ̀yìn, nítorí náà iwájú ló máa gbà, á sì máa ti omi gòkè, díẹ̀díẹ̀, títí á fi dà sórí kọfí lílọ̀ nínú asẹ́ bébà. Bí omi bá ṣì pọ̀, ohùn ẹ̀ kì í le púpọ̀. Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó tán, tí èéfín ti pọ̀ ju omi lọ nínú páìpù, ni ariwo ńlá ń bẹ̀rẹ̀.

Ooru lásán ló ń gbé omi gòkè! Mo mọ̀ ọ́n tipẹ́, síbẹ̀ ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá mi bọ̀ ti mọ ẹni tí mò ń rò. Lọ́jọ́ Àìkú, ohùn Màámi ga débi pé mo gbé fóònù kúrò létí. Wọ́n bínú sí ẹni tó ń bá wọn gbálẹ̀, sí iná, sí àbúrò mi, sí èmi. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n má jẹ́ kí owó mi tán, wọ́n sì pa fóònù.

Kí ló wá ń tán nínú Màámi? Agbára? Sùúrù? Tàbí...

Rárá. Mi ò ní kọ ìyẹn síbí.

Mo lọ kàwé nípa ẹ̀rọ náà kí ọkàn mi lè kúrò níbẹ̀. Ìyá kan ní Dresden ní Jámánì, Melitta Bentz, ni gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú kọfí sú. Ó fi ìṣó lu ihò sí ìdí ìkòkò idẹ, ó fa bébà tí ọmọ ẹ̀ fi ń gbẹ yíǹkì ní ilé-ìwé yọ, ó tẹ́ ẹ sínú, ó da omi gbígbóná lé kọfí lórí. 1908 nìyẹn. Ọdún 1954 ni ará Jámánì mìíràn, Gottlob Widmann, gbé ẹ̀rọ kọfí Wigomat tó ń lo iná mànàmáná jáde, 1972 sì ni ẹ̀rọ Mr. Coffee dé láti Cleveland, tó wọlé ọ̀pọ̀ ènìyàn níbí. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn gan-an. Ohun tó wà nílé ló lò.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bọ̀dá kò tán síbẹ̀, ó sì yẹ kí n ti rántí ṣáájú kí n tó da ara mi láàmú! Omi títán nìkan kọ́ ló ń fa ariwo. Bí omi bá ní ẹfun nínú, tí wọ́n ń sè é lójoojúmọ́, ẹfun á lẹ̀ mọ́ inú páìpù, ọ̀nà á há. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ á kún fún omi, á máa ké, á máa pẹ́, tó-tó-tó ni kọfí á máa kán. Irú ìyẹn kò ṣófo rárá. Fínígà àti omi la máa ń dà kọjá nínú ẹ̀, ká tó fi omi lásán ṣan án.

Màámi kún. Láti ìgbà tí ilé ti dá, ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ní Ọ̀ṣogbo? Èmi máa ń pè, mo máa ń béèrè nípa oògùn, nípa iná, ó parí. Wọ́n kún, ọ̀nà ló há.

Àbí mò ń tu ara mi nínú ni? Ó lè jẹ́ pé méjèèjì ni, pé nǹkan kan ń tán, nǹkan kan sì kún. Inú ń bí mi sí gbogbo wa tá a ń sọ pé "àgbà ti ń dé sí wọn" bí ẹni pé ìyẹn ti dáhùn gbogbo ìbéèrè. Wọ́n ti dàgbà, ó dáa. Kí ni wọ́n ń sọ?

Aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la ni màá pè, ọ̀sán ti pọ́n lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn. Mi ò ní dárúkọ oògùn.

Àbúrò mi, bó o bá ka èyí, ìwọ náà pè wọ́n. Má sọ fún wọn pé èmi ni mo rán ẹ.