Ilé tó mọ ọ̀nà afẹ́fẹ́: láti Ifẹ̀ dé Iléṣà

Ọ̀rẹ́ mi ló ní kí n bá òun wo ilé amọ̀ ẹbí wọn ní Iléṣà, bóyá ó ṣeé tún ṣe fún ṣọ́ọ̀bù àti ilé gbígbé, àbí kí wọ́n kúkú wó o. Oṣù Ẹrẹ́nà ni, ooru ń mú gidi. Torí ooru yẹn gan-an ni mo ṣe kọ́kọ́ yà sí Ifẹ̀, kí n wo ilé tí wọ́n kọ́ kó lè gba afẹ́fẹ́.

Ní Mayfair, mo wọ kòròpé lọ sínú ọgbà Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Arieh Sharon, ọmọ Ísírẹ́lì tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Bauhaus, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà àti ilé yíyà ní Jámánì, ló ṣáájú àwọn tó ya àwòrán ilé ibẹ̀. Oṣù kìíní ọdún 1967 ni Fásitì kó kúrò ní Ìbàdàn wá síbẹ̀. Mi ò dúró níbi Gbọ̀ngàn Odùduwà, gbogbo ayé ló ti ya fọ́tò rẹ̀. Ilé Humanities, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èdè, ìtàn àti irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ni mo wá wò. Bí ẹni dojú ilé dé ni wọ́n ṣe kọ́ ọ: àjà òkè yọ síta ju èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, òjìji ọ̀kan ló ń bo èkejì. Oòrùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ògiri fọwọ́ kàn. Ìsàlẹ̀ wà ní gbalasa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Níbi tí mo fẹ̀yìn ti òpó, afẹ́fẹ́ gbé ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan, ó ń sáré lé e, àwa tó jókòó ń rẹ́rìn-ín. Láago kan ọ̀sán nìyẹn o, kò sì sí fáànù kankan níbẹ̀.

Irú ilé báyìí, níbikíbi tó bá wà, ohun tó ń pa á ni kí wọ́n fi pákó dí ojú afẹ́fẹ́ rẹ̀, kí wọ́n wá gbé AC kọ́ ọ. Bí iná bá lọ báyìí, ó di inú ààrò.

Mo wọ takisí lọ sí Iléṣà. Ilé náà ò jìnnà sí ààfin Ọwá: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ tí bàbá bàbá wọn fi owó òṣómàáló, ìyẹn òwò aṣọ àwìn tí àwọn Ìjẹ̀ṣà ń ṣe kiri, kọ́. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, inú yàrá sì tutù. Aránṣọ kan ti gba iwájú ìsàlẹ̀, òun ni kò jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ yẹn bà jẹ́, torí ó ń gbálẹ̀, ó sì ń pariwo bí òrùlé bá ti ń jò. Yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n tì pa ni ikán ń jẹ.

Ìṣòro tó tóbi jù ni sìmẹ́ńtì. Wọ́n ti fi rẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan kó lè "di tuntun". Amọ̀ a máa fa omi díẹ̀, a sì máa tú u sáfẹ́fẹ́. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kó tú u. Bí òjò bá gba ibi tó lanu wọlé, ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì ni omi ń dúró sí, amọ̀ á rọ̀, gbogbo rẹ̀ á sì já wálẹ̀ pọ̀. Mo ní kí bíríkìlà ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀, kó fi amọ̀ àti iyanrìn rẹ́ ẹ, kí páànù sì yọ síta dáadáa. Kò dùn mọ́ ọn nínú. Kí wọ́n má gba inú ògiri gbé páìpù. Ilé ìwẹ̀ á wà lọ́tọ̀ lẹ́yìn. Sólà tí ọ̀rẹ́ mi ń lálàá rẹ̀, pákó òrùlé yẹn ò lè gbé e, orí irin nínú àgbàlá ló máa wà.

Ti owó ṣì rọrùn ju ti ẹbí lọ. Àwọn bàbá kan ní Èkó fẹ́ kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Mo bi Màmá tó ń gbé nínú ẹbí náà pé kí ni wọ́n máa sọ fún àwọn bàbá yẹn.

"Ṣebí wọ́n ń bọ̀ wá ṣe ọdún Ìwúdé ní December? Inú ilé búlọ́ọ̀kù tí wọ́n kọ́ sẹ́yìn ni mo máa tẹ́ ẹní fún wọn, kí wọ́n sùn níbẹ̀ lọ́sàn-án. Bí wọ́n bá làágùn tán, ká wá jókòó sọ̀rọ̀."