Bàtà oko

Mo lọ sí ọ̀nà Táíwò nílùú Ìlọrin lónìí nítorí táyà jíìpù mi, mo sì padà wálé láìra nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ kan tí wọn kò tilẹ̀ bá mi sọ ni mo gbé bọ̀. Bàbá kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ́dọ̀ fọkanáísà, ó ń dúró kí wọ́n lẹ táyà rẹ̀ tán. Ó ti ń gbọ́ bí èmi àti ọlọ́jà ṣe ń fa ọ̀rọ̀ bọ̀, ló bá yíjú sí ọmọ iṣẹ́, ó ní: “Ẹni tó ń lọ oko lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ṣé bàtà oko ni yóò máa wọ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí?” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tèmi kò dénú.

Oríṣi méjì ni ọlọ́jà gbé síwájú mi, ìwọ̀n kan náà ni méjèèjì, 265/65R17. Èyí tí wọ́n kọ H/T sí lára ni táyà títì, ìlà ojú rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì sún mọ́ra. Ojú A/T, èyí tí wọ́n ṣe fún títì àti ọ̀nà oko, ní tirẹ̀ rí págunpàgun, rọ́bà rẹ̀ ki, àlàfo ńláńlá sì wà láàárín rẹ̀ kí òkúta àti ẹrẹ̀ lè ráàyè já bọ́. N kò ní parọ́, ẹwà rẹ̀ wà lára ohun tó fà mí. “Alhaji, èyí ló yẹ mọ́tò yín,” ni ọlọ́jà wí, bẹ́ẹ̀ ni 0921 tó wà lára rẹ̀ ń sọ fún mi pé láti ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n ti ṣe é.

Bàtà oko. Láti ilé dé ibi iṣẹ́, ọ̀dà ni. Láti Ìlọrin dé Àjàṣẹ́-Ìpo, ọ̀dà ni. Ọ̀nà tó yà sí abúlé wa kò ju kìlómítà méje lọ, nítorí kìlómítà méje yìí ni màá sì ṣe máa gbọ́ híhan táyà lójoojúmọ́, tí màá máa ra epo lé epo nítorí pé A/T wúwo, tí ó sì ń ja ilẹ̀ ju èkejì lọ. Bí òjò bá rọ̀ sórí ọ̀dà, tí mo tẹ bíréèkì lójijì, H/T ló sábà máa ń tètè dúró, nítorí pé rọ́bà rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ pọ̀ jù. Bàbá yẹn gba ọ̀rọ̀ sọ.

Ṣùgbọ́n kò mọ̀ nípa oṣù kẹjọ, nígbà tí jíìpù mi há sínú ẹrẹ̀ lọ́nà abúlé wa. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ ọ́n, n kò ní tún gbogbo rẹ̀ kọ. Láti ìgbà náà, bí ààrá bá ti sán lóru, etí mi á tún máa gbọ́ wíìlì tó ń yí lójú kan nínú amọ̀ pupa…

Ìyá Ràfíátù dá a lábàá pé kí n fi oríṣi kan méjì síwájú, kí n fi oríṣi kejì méjì sẹ́yìn. Mo ṣàlàyé pé gbogbo wíìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ́ńjìnnì jíìpù yìí ń yí nígbà gbogbo, àti pé bí táyà wọn kò bá dọ́gba, inú gíà ni ìyà náà yóò parí sí. Ó ní, “Bàbá Ràfíátù, ẹ jẹun ná.” Tùwó ti tutù.

Ta ló tilẹ̀ sọ fún bàbá yẹn pé lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mò ń lọ? Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jókòó ka ìrìnàjò mi láti oṣù kẹjọ títí di oṣù kẹrin yìí. Mẹ́rin ni. Ojú àánú ni bàbá náà fi wò mí.

Bí a bá sì ní ká sọ òótọ́, nínú amọ̀ tó jinlẹ̀, kíá ni ẹrẹ̀ máa ń dí àlàfo ojú A/T pàápàá, tí yóò sì máa yọ̀ bíi H/T. Táyà ẹrẹ̀ gan-an, M/T, ọ̀tọ̀ ni. Táyà tó wà lẹ́sẹ̀ jíìpù lóṣù kẹjọ ti pá. Nígbà náà, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń sọ pé màá pààrọ̀ rẹ̀. Ọlọ́kadà ló gbé Màmá jáde lọ́jọ́ náà, táyà rẹ̀ kò sì fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ.

Ó jọ pé H/T ni màá rà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, bóyá màá tún sọ nǹkan mìíràn.

Màmá pè lẹ́yìn ìrun alẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ṣì le. Mo ní mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ó bi mí bóyá mo ti ra táyà, mo ní ó di ọ̀la. Kò béèrè irú èyí tí mo fẹ́ rà.