Ẹ Wo Etí Aṣọ Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀yin ará Ọ̀mù-Àrán nílé lóko, ẹ bá mi yin Ọlọ́run. Bí mo bá dákẹ́ lórí eléyìí, n ò mọ ojú tí n ó fi wo Ọlọ́run.

Aránṣọ ni mí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, mo rán yunifọ́ọ̀mù tuntun fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13. Nígbà tó wọ̀ ọ́, etí ìsàlẹ̀ aṣọ náà gbé sókè lápá ọ̀tún. Mo ní mo ṣì í gé ni. Mo tú u, mo tún un rán. Ó tún gbé sókè. Ìgbà kẹta ni mo ní kó bọ́ aṣọ, kó dúró níwájú mi. Èjìká ọ̀tún ga ju tòsì lọ. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó na ọwọ́ sílẹ̀. Ìhà ọ̀tún rẹ̀ yọ sókè bí òkìtì. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Wọ́n ní báàgì ìwé ló fà á. Wọ́n ní mi ò pọ̀n ọ́n dáadáa nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, ọ̀rọ̀ yẹn sì wọ̀ mí lára gidigidi. Ilé ìwòsàn kan fún wa ní kalísíọ̀mù fún oṣù mẹ́jọ. A gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń to eegun, ó fi pákó dè é, ọmọ ń ké. Ẹ̀yìn ò tọ́.

Ìlọrin la ti padà rí dókítà eegun. Ó fa ìlà sórí X-ray, ó wọn ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn ti wọ́: dìgírì 57. Ó ní ẹ̀yìn wíwọ́ tí wọ́n ń pè ní scoliosis ni, irú tirẹ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó ń fà á gan-an. Kì í ṣe báàgì, kì í ṣe pípọ̀n. Mo sunkún níbẹ̀. Ó ní ká ní a rí i nígbà tó wà láàárín 25 sí 40, tí ọmọ ṣì ń ga, ìgbànú líle tí wọ́n fi ike ṣe, tí wọ́n ń dè mọ́ ara, ì bá lè dá a dúró. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa ní kí àwọn ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo ẹ̀yìn wọn! Tó bá ti kọjá 50, ó lè máa wọ́ lọ kódà lẹ́yìn tí ọmọ bá ga tán.

Iṣẹ́ abẹ ló kù. Ó ní ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń fi okùn tó ṣeé tẹ̀ fa eegun láti ìhà, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2019, àmọ́ ọmọ tó ṣì ń ga ló wà fún. Eegun ọmọ tèmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tán. Èyí tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n la ẹ̀yìn, kí wọ́n lọ síkúrù mọ́ eegun, kí wọ́n fi irin gbọọrọ méjì fà á tọ́, kí wọ́n sì fi èérún eegun sí i kí àwọn eegun náà lè so pọ̀.

Mo bi í pé, "Dókítà, ọmọ mi ò ní rọ lẹ́sẹ̀?" Ó ní ewu náà wà, kò wọ́pọ̀. Ẹ̀rọ á máa ṣọ́ iṣan tó ń lọ sí ẹsẹ̀, wọ́n sì lè jí i díẹ̀ lórí tábìlì, kí wọ́n ní kó mi ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

A ta ilẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá mi lówó. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wọ mọ́tò dé Èkó, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ náà, láti fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, Olúwa ò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín ṣòfò. Wákàtí mẹ́fà ni mo fi jókòó síwájú ilẹ̀kùn yẹn ní oṣù kejì ọdún 2025. Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní, "Ìyá, ó ti mi ẹsẹ̀ méjèèjì." Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù.

Eegun 10 ni wọ́n so pọ̀, kò lè tẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ṣe ló ń lóṣòó bó bá fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Mo dúpẹ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó fi íǹṣì kan àbọ̀ ga sí i, èmi ni mo fi téèpù wọ̀n ọ́n.

Ọmọ mi, dìde kí wọ́n rí ọ. Èmi ni mo rán aṣọ tó wọ̀ yìí. Ẹ wo etí ìsàlẹ̀ rẹ̀.