Ohun tí kùrukùru ọ̀nà Iléṣà kọ́ mi nípa rírí ènìyàn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba ọ̀nà Iléṣà lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní ìdájí ti mọ bí kùrukùru ṣe ń bo ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò alẹ́, nígbà tí ilẹ̀ bá tutù mọ́jú tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì di ẹ̀kán omi wínníwínní. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kì í pè é ní kùrukùru àfi bí ojú kò bá tó ohun tó wà ní 1,000 mítà síwájú. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ kì í tan iná tó ń ràn jìnnà sínú rẹ̀, nítorí àwọn ẹ̀kán omi náà yóò dá ìmọ́lẹ̀ padà sí i lójú, kò sì ní rí ọ̀nà tó bó ti ń rí i tẹ́lẹ̀. Iná tó rẹlẹ̀ ni yóò tàn, yóò sì rọra máa lọ.

Transgender ni mí. Ọmọkùnrin ni wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n bí mi, ṣùgbọ́n obìnrin ni mo mọ ara mi sí. Nígbà tí àwọn àgbà ilé pè mí jókòó, tí wọ́n bi mí léèrè nípa ara mi, nípa ìgbéyàwó, nípa ohun tí aráyé yóò wí, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni tan iná tó ń ràn jìnnà sínú kùrukùru, ẹ̀rù ara wọn nìkan ni wọ́n rí, wọn kò rí mi. Ìyá mi kò bèèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó ń pè mí kí a jọ ṣa ẹ̀wà, ó ń wò mí, títí ó fi bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Kí lo fẹ́ kí n máa pè ọ́?" Ẹ̀yin òbí, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa bi ọmọ yín: ọ̀kan ṣoṣo, èyí tó kan ìṣísẹ̀ tó kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ dà bíi tèmi, ẹ má dúró kí gbogbo ènìyàn tó rí yín kedere kí ẹ tó gba ara yín gbọ́, nítorí ẹni tó wà nínú kùrukùru ń rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ní Ifẹ̀, àwọn àgbà ní Ọbàtálá ló ń mọ ara, ọ̀dọ̀ Àjàlá ni a sì ti ń yan orí. Èmi kò ní kí ìtàn yẹn jẹ́rìí sí mi, ṣùgbọ́n ó mú kí n gbà pé ojú lásán kọ́ ni a fi ń mọ ènìyàn tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé pàápàá ti yọ ọ̀ràn wa kúrò láàárín àwọn àrùn ọpọlọ nínú ICD-11, ìwé tí wọ́n fi ń to àwọn àrùn àti ọ̀ràn ìlera lẹ́sẹẹsẹ, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019 tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, nítorí náà ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá pè yín ní wèrè.

Síbẹ̀, kò pọn dandan kí gbogbo ìlú rí yín. Ewu wà níta, ààbò sì ni kùrukùru nígbà mìíràn. Kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ti ní ibi tí ẹ lè sùn bí ilé bá dàrú, kí ẹ sì sọ fún ẹni náà gan-an àwọn tí kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀.