Àwòrán ọlọ́fà fún jẹ́ń ilé wa: ibi tí mo bá a dé

Sátidé àkọ́kọ́

Bí wọ́n bá mú iná lọ tí mi ò sí nílé, kì í pẹ́ tí fóònù mi á fi dún. Màámi ni. "Jẹ́ń yìí tún kọ̀ o." Èmi náà á wá bẹ̀rẹ̀: ẹ ti ṣí epo? Ẹ ti tan súwíìṣì rẹ̀? Ó ti sú mi. Mo ní kí n ya gbogbo rẹ̀ sórí bébà, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níta níbi tí jẹ́ń máa ń wà. Flowchart làwọn oníkọ̀ǹpútà ń pè é: ìbéèrè àti iṣẹ́ nínú àpótí, ọfà sì ń tọ́ka sí èyí tó kàn. Àwòrán ọlọ́fà lèmi ń pè é, kò kan ọba ìlú Ọ̀fà o.

Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo dà sínú rẹ̀. Ìbéèrè kan tiẹ̀ ní ọfà mẹ́ta: "Báwo ni epo ṣe wà?" Ó kún, ó kù díẹ̀, ó ti tán. Àwọn ọfà ń gun ara wọn kọjá bí okùn ewúrẹ́ tó ti yí èèkàn po. Àbúrò mi wò ó títí. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé wáyà iná ilé lẹ yà ni?"

Sátidé kejì

Mo fa tàkọ́kọ́ ya. Dáyámọ́ǹdì kan, ìbéèrè kan, ọ̀nà àbájáde méjì péré. "Báwo ni epo ṣe wà" di "Ṣé epo wà nínú táńkì?" Àmì rẹpẹtẹ ló wà nínú ISO 5807, ìlànà àgbáyé fún irú àwòrán yìí tó jáde ní 1985, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni mo mú: dáyámọ́ǹdì fún ìbéèrè, àpótí onígun mẹ́rin fún iṣẹ́, èyí tí etí rẹ̀ rí roboto fún ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Ta ló fẹ́ máa ro ìtumọ̀ àpótí tó dagun nínú òkùnkùn, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu?

Èwo ló yẹ kó ṣáájú? Ibẹ̀ ni mo ti pẹ́ jù. Púlọ́ọ̀gì, èyí tó ń ṣáná fún ẹ́ńjìnnì, ni mo kọ́kọ́ fi síwájú, torí èmi fẹ́ràn kí n máa tú nǹkan. Bẹ́ẹ̀ sípánà ni púlọ́ọ̀gì ń fẹ́, ìka kan péré sì tó láti ṣí epo. Ohun tí ọwọ́ lásán ká ló wá ṣáájú: ṣíṣí ẹnu epo, súwíìṣì, epo inú táńkì, ọ́ìlì. Ẹ má fojú kéré ọ́ìlì o. Nǹkan kan wà nínú jẹ́ń tiwa tó máa ń dá iná púlọ́ọ̀gì dúró bí ọ́ìlì bá ti lọ sílẹ̀. Èèyàn lè fa okùn títí apá á fi ro, kò ní dáhùn. (Mo ti fà á rí, odidi ọ̀sán kan.)

Ọjọ́rú, ìdánwò

Mo fa epo inú táńkì kúrò, mo fún Màámi ní bébà àti tọ́ọ̀ṣì, mo sì panu mọ́. Ó dé orí ìbéèrè kẹta, ó wo táńkì, kò sí epo, ó gba apá ọ̀tún, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn.

"Màámi, epo ò sí mà."

"Ọfà yìí ló ní kí n fà á."

Òótọ́ ni. Ọ̀tún ni "Bẹ́ẹ̀kọ́" wà nínú ìbéèrè méjì tó ṣáájú. Àyè ò gbà mí níbi ìkẹta, mo bá gbé e sí ìsàlẹ̀. Èyí tó tún dùn mí jù ni pé "Bẹ́ẹ̀ni" àti "Bẹ́ẹ̀kọ́" jọra: lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, "Bẹ́ẹ̀" nìkan lojú ń rí. Ní báyìí, "Bẹ́ẹ̀ni" ń lọ sísàlẹ̀, "Rárá" ń lọ sí ọ̀tún, níbi gbogbo.

Àbúrò mi náà rí tiẹ̀. Bí jẹ́ń ò bá tan, ọfà mi ní kó padà sókè. Ó yí po lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pariwo. Mo ti fi ọ̀nà síbẹ̀: bó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, pe mẹkáníìkì.

Ohun tó kù

Ṣóòkì, ìyẹn ọwọ́ kékeré tó ń dín afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì kù. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, à á fà á. Bó bá ṣì gbóná, à á fi sílẹ̀. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ṣé ẹ́ńjìnnì tutù?" Màámi ní, "Báwo ni kí n ṣe mọ̀, ṣé kí n fọwọ́ kàn án ni?" Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan ibi tí èéfín ń gbà jáde. Mo ti yí i sí "Ṣé ó ti tó wákàtí kan tí a ti pa á?" A ó dán an wò ní Sátidé. Lẹ́yìn náà ni màá tó lọ fi ọ̀rá bò ó, torí òjò.