Kọ̀ǹpútà tí ò pariwo

Àná ní Ọláìyá l'Óṣogbo, mo ní kí bọ̀ọ̀dá tó ń ta kọ̀ǹpútà tan méjì tí mo fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn kí n gbọ́ ohùn wọn ná, torí yàrá kan náà lèmi àtàbúrò mi tó ń kàwé JAMB jọ ń lò l'Ókè-Fìà. Èyí tó ní hard disk, ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí, ń kùn, ẹ máa gbọ́ awo tó ń yí nínú ẹ̀ krr krr, èyí tó ń lo SSD, ibi ìtọ́jú fáìlì tí ò ní awo, dákẹ́ ni, kò sóhun tó ń yí níbẹ̀. Fáànù ẹ̀ náà tóbi, 120mm, fáànù ńlá ò nílò kó sáré bíi ti kékeré kó tó fẹ́ atẹ́gùn tó tó, torí náà ariwo ẹ̀ kéré. Ó wọ́n díẹ̀ ju ìkejì lọ o, mo ṣáà gbé e, torí ọmọ yẹn gbọ́dọ̀ ráyè kàwé.